Ìbọn Ìléwọ́ Tí A Bá Ọmọ Mi Yàn ní Padova

Àna mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ọmọ mi obìnrin fẹ́ ra ìbọn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni mo ń wí. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní ìlú Padova nílẹ̀ òyìnbó níhìn-ín, òun lókè, àwọn nísàlẹ̀. Èmi wà ní Torino, ìlú mìíràn, níbi tí mo ti ń tọ́jú ìyá òyìnbó arúgbó kan. Nígbà tí ọmọ mi yóò fi pè mí, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ti lọ sí armeria lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi í pé kí ni armeria. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ìbọn ni.

Iṣẹ́ guardia giurata ló rí, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń dúró ní báńkì. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń gbé páálí ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń fún un ní contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́. Ti báńkì yìí kò ní gbèdéke. Ó ti di ọmọ onílùú, ìjọba ti fún un níwèé àṣẹ ìbọn, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ náà ní kí oníkálukú ra ìbọn ìléwọ́ tirẹ̀, kó sì fi í yege ìdánwò ìbọn yíyìn kó tó gbaṣẹ́.

Ìbọn kò bà mí lẹ́rù. "Lẹ́ẹ̀mejì" tó wí yẹn ló wọ̀ mí lára. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ ìyá arúgbó tí mò ń tọ́jú, mo wọ treno lọ́jọ́ kejì. Mo ní mo wá bá wọn mójú tó àwọn ọmọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwa mẹ́ta la jọ lọ. Ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ bí ilé ìpoògùn. Bàbá àgbà kan ló ń tajà níbẹ̀, ó so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn. Àna mi ti mú ọ̀kan tẹ́lẹ̀, ìbọn dúdú kékeré, tuntun, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Ó ní kò ní wúwo ní ìbàdí ìyàwó òun. Ìyàwó òun. Ọmọ mi sì ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Kí n tó wá sí ìlú yìí, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ránṣọ. Mo mọ ẹ̀rọ. Bí mo bá fẹ́ ra máṣíìnì, mi ò kì í wo bó ṣe ń dán. Mo ní kí ọmọ mi bi bàbá náà pé bí sípíríǹgì rẹ̀ bá kán, ṣé a ó rí òmíràn rà nítòsí? Ta ló ń lò ó lójoojúmọ́? Mo tún ní kó fà á wò. Ó fa irin orí ìbọn kékeré náà sẹ́yìn títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn kéékèèké wọ̀nyí, sípíríǹgì wọn le, wọ́n sì máa ń ta ọwọ́ ẹni tó bá yìn wọ́n.

Ó lọ gbé òmíràn wá láti ẹ̀yìn. Ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, àlòkù ni, ẹ̀ṣọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ló tà á fún un. Etí rẹ̀ ti funfun níbi tó ti ń ha àpò awọ, ṣùgbọ́n nígbà tó tan iná kékeré sínú ojú ihò rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Bíi ti kékeré yẹn, ó máa ń ti èèpo ọta tó ti yìn dànù, yóò sì ki òmíràn fúnra rẹ̀. Bàbá náà ní irú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ ń lò, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò wọ́n, bí èèyàn bá sì ti ń nù ún dáadáa, kì í kọ̀. Ọmọ mi fà á, ó wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Owó rẹ̀ kò sì ju ti tuntun kékeré yẹn lọ.

Mo rí i lójú ọmọ mi pé ó ti mú un. Ó wá yíjú. Èmi kọ́ ló yíjú sí.

"Mummy, ṣé ẹ fọwọ́ sí i?"

Àna mi gbé e wò, ó ní ó dáa. Èmi ń wo àwọn ìbọn ọdẹ tí wọ́n tò sára ògiri. Mo ka mẹ́tàdínlógún kí ọkàn mi tó rọlẹ̀.

Ní ìjọ wa, ẹni tó bá ra ohun tuntun, ìbáà ṣe mọ́tò, ìbáà ṣe fíríìjì, àgbà ilé gbọ́dọ̀ fi òróró gbàdúrà sí i kí wọ́n tó lò ó. Ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ, àgbà ilé ọkọ ló ni ín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti sọ fún mi. Nígbà tí a ra ìbọn náà délé, àna mi ti ìka bọ òróró, ó fi pa ìdí ìbọn náà, a ṣe àmín. Èmi náà ṣe é, ṣùgbọ́n ohùn mi kò jáde tán.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọmọ mi tú ìbọn náà palẹ̀ lórí ìwé ìròyìn nínú kíṣìnnì, kò sí ọta nínú rẹ̀, ó ń nù ún bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Agogo ẹnu ọ̀nà dún, ó jáde lọ gba ẹrù. Mo wo àwọn irin náà nílẹ̀ níwájú mi. Mo ní nínú ọkàn mi pé ìta lásán ni àna mi fọwọ́ kàn. Mo mú ìgò òróró tèmi jáde nínú báàgì, mo gbàdúrà sí i, mo dà á sára sípíríǹgì, mo dà á sí ojú ọ̀nà tí irin orí ń gbà lọ gbà bọ̀, mo dà á sínú àpò ọta pàápàá. Èmi tí mo ti lé ọmọ iṣẹ́ lọ rí nítorí pé ó fi òróró oúnjẹ sí máṣíìnì mi. Owú kì í jẹ́ kéèyàn rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí ọmọ mi padà, ó rò pé òróró ìbọn tí òun fi sí i ló ń dán. Ó tò ó pọ̀, ó tì í mọ́ inú àpótí irin.

Ọjọ́ Thursday ni ìdánwò. Yìnyín wà lórí koríko, ibi tí wọ́n ti ń yìnbọn ò sì ní ògiri níwájú. Kò tíì di ọ̀sán tí ọmọ mi fi wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní ọta àkọ́kọ́ jáde, èkejì kọ̀, kò wọlé. Ó tún un ṣe, ó tún kọ̀. Olùkọ́ wọn ní kó lọ tún ìbọn rẹ̀ ṣe, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n bó bá tún kọ̀, iléeṣẹ́ yóò mú ẹlòmíràn. Ó tú u sórí tábìlì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti dì bí ọ̀rá ọbẹ̀ tó tutù. Ó gbé e sí imú.

"Òróró ólífì," ó ní. Ó sì wo ìyá ọkọ rẹ̀. Gbogbo wa la kúkú rí i tó fi òróró pa á.

Àna mi kò jiyàn. Ó ní, "Ìyàwó mi, má bínú. Bóyá ọwọ́ mi ló pọ̀ jù."

"Bóyá kẹ̀, Mummy? Iṣẹ́ mi ló fẹ́ lọ yìí."

Mi ò gbọ́ kó fi irú ohùn yẹn bá a sọ̀rọ̀ rí. Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi. Kò dùn ju ìwọ̀n ìgbà téèyàn fi ń gbé itọ́ mì lọ. Àna mi ń nu ìka tó fi gbàdúrà sára ìró rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Èmi ni," mo wí. "Ìta ni àna mi fọwọ́ kàn. Èmi ni mo dà á sínú."

Ọmọ mi gbé irin ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Màámi, kí ló dé?"

"Mo jowú ni."

Kò bú mi. Ó fa àga kan, ó ní kí n jókòó, òróró tí mo dà, èmi ni màá nù ún. Ó gbé àkísà wá, àti búrọ́ọ̀ṣì kékeré, àti omi tó ń họ ọ̀rá. Mo bọ́ òrùka mi. Gbogbo kọ̀rọ̀ ìbọn náà ni mo nù. Àna mi po tíì fún wa, ó dúró tì mí.

"Owú yín ò mọ níwọ̀n, àna. Ṣé gbogbo ìgò lẹ dà sí i ni?"

"Ìdajì ni," mo fèsì.

Ní Thursday kejì, àwa ìyá méjì jókòó sí pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Fóònù dún. Ti àna mi ni, ti ta ni ì bá tún jẹ́? Ó wo ojú fóònù náà, ó dìde, ó gbé e sí mi lọ́wọ́ láì tíì dáhùn.

"Ẹ gbé e, àna."

"Mummy, mo yege," ọmọ mi ní. "Kò kọ̀ rárá."

Mo ní èmi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ pè mí tẹ̀lé e. Àna mi kò tilẹ̀ bèèrè ohun tó sọ, ó ti rí i lójú mi, ó ti ń jó lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nínú sílípáàsì rẹ̀. Inú mi dùn. Mo sì jowú èyí náà, pé ó lè gbé fóònù fún mi bẹ́ẹ̀. Ká ní tèmi ló dún ni, n kì bá tí gbé e fún un.