Èéfín Tí Kò Rùn

Èmi ni mo fa ọ̀pá ẹ̀rọ tó ń wọn èéfín sẹ́yìn. Ọ̀gá mi kò ní kí n fà á, ẹni tó ni ọkọ̀ kò ní kí n fà á, ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá kò tilẹ̀ mọ̀. Ọwọ́ mi ló di ọ̀pá náà mú nínú sàléńsà tí èéfín ọkọ̀ ń gbà jáde, ọwọ́ mi náà ló fà á jáde díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ìta fi dà pọ̀ mọ́ èéfín, tí iye tó wà lójú ẹ̀rọ fi wálẹ̀. Mo ti gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ibòmíràn. Ibi tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹlòmíràn ló jẹ̀bi.

Ìkọ̀lé ni mo ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì. Nígbà tí epo bẹntiróò wọ́n tí àwọn onítakisí ń pariwo, ọ̀gá mi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọkọ̀ di èyí tó ń lo gáàsì, gáàsì tí a fi ń dáná nínú ilé yìí náà. A ó gbé sílíńdà sí búútù, a ó fa páìpù gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú, a ó sì fi skúrù kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tí yóò máa díwọ̀n gáàsì tó ń wọlé. Bí o bá ṣí skúrù yẹn díẹ̀, ọkọ̀ á máa lọ, ṣùgbọ́n kò ní lágbára lórí òkè. Bí o bá ṣí i púpọ̀, á gun òkè bí ewúrẹ́, awakọ̀ á sì máa yìn ọ́. Ọ̀nà tiwa, òkè ni gbogbo rẹ̀. Mo máa ń ṣí i púpọ̀.

Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe ni ti bàbá kan tó ń ná ọ̀nà Ìkọ̀lé sí Ìdó. Àlàájì ni gbogbo gáréèjì ń pè é. Òun ló dúró fún mi nígbà tí mo fẹ́ wọṣẹ́. Bàbá mi ti kú, ọ̀gá mi sì ní òun kì í gba ọmọ tí kò ní onídùúró. Àlàájì wá síbẹ̀ tòun ti tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ó ní, "Bó bá jalè, ẹ wá mú mi ní ulé mi." Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ti ń wakọ̀ kí wọ́n tó bí mi, kò sì gbá adìyẹ rí. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn.

Rọ́bà kan wà tó yẹ kó dí ihò tí a lu sí ìsàlẹ̀ búútù kí páìpù lè kọjá. Rọ́bà ti tán lọ́jọ́ tí mo ṣe ọkọ̀ Àlàájì. Mo ní tó bá padà wá, màá fi sí i. Mo gbàgbé.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan láti yunifásítì gbé ẹ̀rọ kékeré kan wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó fẹ́ wọn èéfín àwọn ọkọ̀ tó ń lo gáàsì. Ó ní nítorí pé èéfín wọn kì í dúdú, tí kì í sì í rùn, àwọn èèyàn rò pé kò léwu. Ó dárúkọ ohun tí ẹ̀rọ náà ń wá, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì.

"Kí ni ìyẹn?" ni ọ̀gá mi bi í.

"Ohun tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, tó máa ń pa tọkọtaya àti ọmọ wọn lójú oorun. Bí gáàsì tó ń wọ ẹ́ńjìnnì bá ti pọ̀ jù, òun náà á pọ̀ nínú èéfín."

Ó ní ọkọ̀ tó bá yege, òun máa lẹ sítíkà mọ́ ọn, sítíkà yẹn ni wọ́n á sì fi máa jẹ́ kó gbé èrò wọ ọgbà yunifásítì. Ọ̀gá mi ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn awakọ̀ pé kò sí ọkọ̀ tí ọwọ́ wa kàn tí yóò kùnà.

Àlàájì ló kọ́kọ́ dé. Ọkùnrin náà ní kó yí i láti bẹntiróò sí gáàsì, kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa. Ohun tó ń de ọ̀pá ẹ̀rọ mọ́ ẹnu sàléńsà ti kán, ló bá ní kí n bá òun dì í mú, kí n tì í wọlé dáadáa. Ó wá kọjá sídìí ọkọ̀ kejì. Mo ń wo iye tó ń gòkè lójú ẹ̀rọ. Ó gòkè kọjá ibi tó sọ fún wa pé kò gbọ́dọ̀ kọjá, ó tún ń lọ. Ọ̀gá mi wò ó. Ó wò mí. Ó wú ikọ́, ó sì yíjú síbòmíràn.

Mo fa ọ̀pá náà.

"Ṣé ó dáa?" Àlàájì bi mí láti inú ọkọ̀.

"Ó dáa, bàbá."

Ọkùnrin yẹn padà dé, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó ní ó yege, ó mú sítíkà jáde.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, mo wọ ọkọ̀ Àlàájì lọ kí ìyá mi ní Òsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìdó. Èmi ni mo jókòó níwájú. Eruku ti bo gbogbo ilẹ̀, wọ́n ti ti gbogbo wíńdò pa. Nígbà tí a fi máa sún mọ́ ìlú Ọ̀yẹ́, àwọn èrò ẹ̀yìn ti ń sùn, àfi obìnrin kan àti ọkùnrin kan tí wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Wò wọ́n," Àlàájì ní. "Látìgbà tí o ti ṣe gáàsì yìí, báyìí ni wọ́n ṣe ń sùn. Ọkọ̀ mi ti di bẹ́ẹ̀dì." Ó fi ọwọ́ pa iwájú orí. "Ibà yìí nìkan ni kò jẹ́ n gbádùn rẹ̀. Mo mu àgbo títí, orí ṣì ń fọ́ mi. Tí mo bá dé ulé, á sì lọ."

Orí tèmi náà ti ń lù kìkì. Mo rántí jẹnẹrétọ̀. Mo rántí ihò tí n kò dí, tí èéfín lè máa gbà wọnú ọkọ̀. Mo yí wíńdò sílẹ̀.

"Bọ̀dá iwájú!" ni obìnrin yẹn pariwo. "Ẹ ti wíńdò yẹn, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé eruku lẹ fẹ́ fi sin wá ni?"

"Ooru ń mú un nínú ọyẹ́," ọkùnrin náà ní. "Ẹ bá mi bi í bóyá ara rẹ̀ dá."

Mo ní èébì ló ń gbé mi. Àlàájì bú sẹ́rìn-ín. "Nínú ọkọ̀ tí o fọwọ́ ara rẹ ṣe?" Àwọn tó ń sùn jí, wọ́n bá a rẹ́rìn-ín. Mo gbé orí sí wíńdò títí a fi dé Ìdó, eruku kún ẹnu mi. Sítíkà yẹn wà lójú gíláàsì níwájú mi ní gbogbo ọ̀nà. Fúrídọ̀mù mi ti sún mọ́lé, ọ̀gá mi sì ti sọ pé ẹni tó bá ba ọjà òun jẹ́ kò ní gba ìwé lọ́wọ́ òun. Bí mo bá lanu, mo ta ọ̀gá mi. Bí mo bá pa á dé, àwọn tó wà lẹ́yìn mi ńkọ́?

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ gbé ọkọ̀ wá lọ́la. Ó ti tó sáfíìsì."

"Ọ̀la kẹ̀? Mo ní èrò ìsọmọlórúkọ tí mo fẹ́ gbé lọ sí Ìfàkì. Ó di Mọ́ńdè."

"Ẹ máa ṣí wíńdò nígbà náà."

"Nínú eruku yìí? Uṣẹ́ tìrẹ ni kí o mọ̀, jẹ́ kí n mọ tèmi."

Ó juwọ́ sí mi, ó sì lọ pe èrò.

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ láti Ìfàkì, ọkọ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà, ó já sí gọ́tà. Kò sẹ́ni tó kú. Obìnrin kan fi ọrùn ọwọ́ dá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ: bàbá ń sùn lórí sitiárìn. Àlàájì ní òun kò sùn, ojú òun ló ṣàdédé ṣókùnkùn. Ìyẹn ló wá burú jù. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Ìbàdàn, wọ́n ní àgbà ti dé, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù wa ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà wá. Mo dí ihò, mo dá skúrù padà síbi tó yẹ kó wà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ àbúrò Àlàájì ló ń wà á báyìí, orí kì í fọ́ ọ, èrò kì í sùn. Àwọn ará gáréèjì ní, "Ẹ ò rí i pé ọkọ̀ ò ṣe nǹkan kan? Bàbá ló ti dàgbà."

Lọ́jọ́ fúrídọ̀mù mi, onídùúró ló gbọ́dọ̀ dìde sọ níwájú gbogbo èèyàn bóyá ọmọ náà ṣe dáadáa. Àlàájì fi ẹsẹ̀ wá. Ó ní, "Kò dójú tì mí." Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì ṣàdúà gígùn. N kò lè wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ bá ọkùnrin yunifásítì yẹn, mo sọ bí mo ṣe fa ọ̀pá. Kò bú mi. Ó padà wá, ó tún wọn èéfín gbogbo ọkọ̀, ó sì bọ́ sítíkà lára àwọn kan títí wọ́n fi ṣàtúnṣe. Ọ̀gá mi kì í dá mi lóhùn mọ́ tí mo bá kí i. Ọkùnrin náà bi mí pé, "Bàbá yẹn ńkọ́? Ṣé o ti sọ fún un?" Mo ní màá sọ fún un lọ́sẹ̀ yẹn.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mo dé ilé rẹ̀ lóòótọ́. Ó jókòó níwájú ilé lẹ́yìn ìrun àsárì, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tó ń gun òkè. Kí n tó jókòó, ó ní, "Ìwọ lo mọ ọkọ̀ yẹn jù. Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé orí mi ló ti ń lọ?"

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sinmi ni."

Ó mi orí. "Ó ti yé mi," ó ní.

Wọ́n sọ fún mi pé kì í dá sọdá títì lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, àfi kí ẹnì kan mú un lọ́wọ́. Gbèsè gbólóhùn kan péré ni mo jẹ ẹ́: kì í ṣe orí yín, bàbá, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Mo ti kọ ọ́ síbí. N kò tíì sọ ọ́ fún un.