Ẹran Ọlọ́sàn Wẹ́wẹ́ tí Ará Táílàńdì Kọ́ Mi

Ọmọ mi àkọ́kọ́ kò lò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ láyé. Lẹ́yìn tí a sin ín, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́. Ọkọ mi, tó jẹ́ akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ epo kan ní Port Harcourt, a máa po ẹ̀kọ mímu fún mi kó tó lọ síbi iṣẹ́. Bó bá dé lọ́sàn-án, á bá ife náà níbi tó gbé e sí. Ìyá mi wà ní Ìjẹ̀bú. N kò sì tíì mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń gbé ilé kejì sí tiwa kanlẹ̀kùn. Ará Táílàńdì ni, ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ẹnjiníà òyìnbó. Ọjà ló ti kọ́ Píjìn, ó gbọ́ ọ jù mí lọ. Ó gbé abọ́ kan ka orí tábìlì.

"Madam, dem say you no dey chop. Taste am small."

Mo fẹ́ kọ̀, àmọ́ ó ti jókòó. Ẹran màlúù gígé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni, pẹ̀lú ewé tútù àti àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́ ń ta sánsán nínú rẹ̀. Mo bu ṣíbí kan. Ata inú rẹ̀ gbá mi lọ́fun, omi bọ́ lójú mi, n kò sì lè dá a dúró mọ́. Láti ọjọ́ tí a ti sin ọmọ, n kò tíì sunkún. Obìnrin náà kò ní kí n dákẹ́. Ó fà mí mọ́ra.

"Na pepper," ó ní. "Cry, na pepper."

Nígbà tó yá, mo nu ojú mi, mo jẹ abọ́ náà tán.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo lọ kọ́ ọ ní ilé ìdáná rẹ̀. Ó yan ìrẹsì nínú páànù gbígbẹ títí ó fi pọ́n, ó ní kí n gún un. Ó fi omi díẹ̀ se ẹran náà, ó sì tètè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà náà ló fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, tó bu ata gbígbẹ àti ìrẹsì gígún lé e. Omi ẹja oníyọ̀ ti ìlú wọn kò sí lọ́jà, omi edé ló fi rọ́pò rẹ̀. Ewé wọn náà kò sí. Ó na ìdì ewé kan sí mi, ó ní nchanwu ni wọ́n ń pè é lọ́jà. Mo gbóòórùn rẹ̀: ẹfinrin ni!

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá a sè, orí iná ni mo ti fún ọsàn sí i. Ó korò. Ọkọ mi tọ́ ọ wò.

"Ìyàwó, ṣé ẹran nìyí tàbí àgbo ibà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ mọ́."

"Ta ló ní n kò jẹ? Ara mi ti ń yá."

A jọ rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún lóyún. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, ẹran yìí nìkan ni inú mi ń gbà. Mo bí obìnrin. Ọjọ́ kẹfà dé, èmi àti bàbá rẹ̀ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó kọjá, ọmọ ń mu ọmú.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá mi àti ọ̀rẹ́ mi ará Táílàńdì wà ní ìdáná. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ wọ́n jọ ń gé ẹran. Nígbà tó jinná, ìyá mi tọ́ ọ wò, ó fún ojú pọ̀.

"Iyọ̀ ò tó," ló wí, ó sì bu díẹ̀ sí i.