Abọ́ Tí Alágbà Fi Ẹsẹ̀ Tọ́ka Sí

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ọjà tí mo ń tà, a jẹ́ pé ó ti ra ìjà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Lọ́dún 1966, mo ní ìsọ̀ kékeré kan ní Ẹnúgu. Abọ́ tánganran olódòdó, ife tíì àti àwo elétí wúrà ni mò ń tà. Ìyàwó àwọn akọ̀wé ní àdúgbò Idaw River ni oníbàárà mi, àwọn tó máa ń to abọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí àlejò lè rí i. Nígbà tí ìlú dàrú, wọ́n ń palẹ̀ mọ́, wọ́n ń lọ sílé wọn. Ta ni yóò tún máa ra ife tíì? Òwò mi dẹnu kọlẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kí àwa ará Ìwọ̀ Oòrùn náà máa lọ.

Alágbà kan wà, ará ìlú ọkọ mi, tó ní lọ́rí. Òun ni yóò gbé wa lọ sí Ìbàdàn. Ọkọ mi ti san owó ọkọ̀. Alágbà kìlọ̀ fún wa pé èèyàn nìkan lòun máa kó, kò sáyè fún ẹrù ọjà. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ó wọ ìsọ̀ mi. Kò bẹ̀rẹ̀, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó na bàtà sí abọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó wa, èló la fẹ́ kó pàǹtírí yìí?"

Iye tó dá lé e kò tó ra páálí tí mo kó wọn sí. Mo bi í pé ṣebí kò sáyè nínú lọ́rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àyè wà fún ẹrù tòun.

Ẹ gbọ́ ná! Ẹrù tèmi kò ráyè, bó bá ti di tirẹ̀, àyè yọ. Mo kúnlẹ̀ bó ṣe tọ́ sí àgbà, mo ní kó jẹ́ kí n rò ó wò. Irọ́ ni mo pa, mo ti rò ó tán. Ọkọ mi bẹ̀ mí kí n gbà, pé bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní rí nǹkan kan fi bẹ̀rẹ̀ nílé. Mo ní ó tì o. Bí òwò mi bá máa kú, èmi ni yóò sin ín.

Kò pẹ́ sígbà náà ni obìnrin kan wọlé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sá dé láti Òkè Ọya pẹ̀lú ọmọ méjì, kò mú ìkòkò kan bọ̀. Ó gbé abọ́ kan, ó fọwọ́ nu eruku rẹ̀, ó yẹ ìdí rẹ̀ wò. Ó san iye tí mo pè é, ó wá ní, "Madam, my jara nko?" Èènì ló ń bèèrè.

Mo wo ojú ọ̀nà tí alágbà gbà lọ. Mo fi àwo mẹ́fà àti ife tíì ṣe èènì fún un. Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí. Mo ní kó lọ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó sá dé ní àdúgbò Abakpa.

Wọ́n ya dé. Ẹni tó bá ra ọ̀kan, iye rẹ̀ gan-an ló ń san, n kò dín kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń kó èènì lé e títí ìborùn rẹ̀ á fi kún. Ife tí ìyàwó akọ̀wé kì í jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn, òun ni àwọn obìnrin yìí fi ń bu omi fún ọmọ wọn nínú ìsọ̀ mi. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Owó tó wọlé kò pọ̀, àmọ́ ó tó fi gbé igbá ọjà kékeré kan kalẹ̀ nílé.

Nírọ̀lẹ́, alágbà mú alábàárù wá. Koríko tí wọ́n fi ń di ife nìkan ló bá nílẹ̀. Ó bi mí pé ta ni mo tà á fún.

"Àwọn tó fọwọ́ gbé e ni, bàbá."

Nígbà tí a wọ lọ́rí lọ́jọ́ kejì, àyè tó fi pamọ́ fún ẹrù mi ṣófo gbalasa. Ibẹ̀ ni mo lọ jókòó sí. Mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì gbọọrọ, n kò sì ká wọn kò títí a fi dé Ìbàdàn.