Pupuru Ọjọ́ Mẹ́ta

Mo rántí bí òórùn ẹ̀gẹ́ tó ń kan nínú omi ṣe máa ń gba gbogbo ilé onípákó wa ní Molutehin. Ìyá ọkọ mi ló ń ṣe pupuru, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, tà, gbogbo etí omi ló sì mọ ọwọ́ wọn. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni wọ́n ń rẹ ẹ̀gẹ́ kíkorò kí wọ́n tó mọ ọ́n róbótó, kí wọ́n tó yan án lórí iná. “Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́,” ni wọ́n máa ń wí. Èmi ọ̀mọ̀wé tí mo ka kẹ́mísírì ní sẹ́kọ́ńdìrì, mo rò pé ogbó ló ń dà wọ́n láàmú.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá lọ kí àbúrò wọn ní Ugbonla, wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́ inú omi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta tí ẹ̀gẹ́ náà ti wà nínú omi, mo da omi gbígbóná sí i kó lè tètè rọ̀. Mo ní, ṣebí sáyánáìdì ni májèlé inú ẹ̀gẹ́, ṣebí iná á lé e jáde? Ẹ gbọ́ ẹnu ọ̀mọ̀wé! Mi ò mọ̀ pé májèlé náà so mọ́ ara ẹ̀gẹ́ ni, àfi kó kan dáadáa kó tó tú sílẹ̀. Omi gbígbóná mi ló dá iṣẹ́ náà dúró. Ẹ̀gẹ́ rọ̀, májèlé ò kúrò; mo mọ ọ́n róbótó, mo sì yan án bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń bì, tó ń mí gúlegúle. Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ mi wọlé bá wa. Wọ́n tọ́ pupuru náà wò, wọ́n tu ú sómi.

“Ọjọ́ mélòó lo fi rẹ ẹ́?”

“Mẹ́ta, Ìyá.”

“Yéè! Ìyàwó, o pa mí o!”

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Títí a fi débẹ̀ ni etí mi wà ní imú ọmọ náà, tí mo ń gbọ́ bóyá ó ṣì ń mí. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ atẹ́gùn bò ó nímú. Ọkọ mi sáré dé pẹ̀lú àwọn ẹbí, ó ní ta ló rẹ ẹ̀gẹ́ náà. Kí n tó lanu, Ìyá dáhùn:

“Èmi ni. Ọjọ́ ọjà ló kán mi lójú.”

Mo jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí ẹbí ọkọ mi má lọ lé mi.

Ọmọ náà yè, ó ti délé ọkọ báyìí. Nígbà tí ìròyìn náà tàn, àwọn oníbàárà Ìyá ò padà mọ́. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lára mi, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹnu sọ òtítọ́ fún ọmọ mi, tí kò jẹun lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Bí wọ́n bá na ẹja yíyan sí i, á ní òun ti yó. Ìyá á wò mí, wọ́n á sì dá ẹja náà padà sínú àwo.