Otilia àti Bàbá Ìsàmì Ọmọ Rẹ̀

Inú oko kọfí àwọn Larrave ni wọ́n bí Otilia Menjívar sí. Ibẹ̀ náà ló dàgbà sí, tó ń lọ àgbàdo, tó ń yan tọtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, fún àwọn tó ń já kọfí. Ìdílé Larrave ló ni òkè náà, àwọn ló ni báńkì, àwọn náà ló sì ń fa ààrẹ orílẹ̀-èdè kalẹ̀, títí dórí olórí ìlú kékeré tó wà nísàlẹ̀ òkè. Wọn kì í jáde dupò fúnra wọn. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

Nígbà tí Otilia bí Nohemí, ọkọ rẹ̀ ṣí fìlà, ó lọ bẹ Don Evaristo Larrave pé kó wá ṣe bàbá ìsàmì ọmọ náà. Gbogbo ará oko ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú Otilia dùn dẹ́yìn. Olówó ra aṣọ funfun fọ́mọ rẹ̀, ó sì gbé e síwájú àlùfáà. Àtọjọ́ náà ni Don Evaristo ti ń pe Otilia ní comadre, ìyá ọmọ ìsàmì òun, tí òun náà sì jẹ́ compadre rẹ̀, nítorí ọmọ kan náà ló so wọ́n pọ̀. Àwọn méjì bẹ́ẹ̀ kì í tako ara wọn o. Èèwọ̀ ni. Ta ni ì bá mọ̀ pé okùn ni wọ́n so mọ́ obìnrin náà lọ́rùn?

Nohemí kàwé, ó di olùkọ́. Omi ìdọ̀tí kọfí láti oko àwọn Larrave ba odò ìlú jẹ́, inú bí i, ló bá jáde láti du ipò olórí ìlú. Àwọn èèyàn ń tẹ̀lé e. Wọ́n ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí, ọmọ àwọn ló kàn.

Ni Don Evaristo bá wọ ilé ìdáná Otilia, ó fa àpótí, ó jókòó.

"Comadre, tọtíyà yín ò tíì sọ adùn nù."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

"Ọ̀gá bí i ti báwo? Ṣebí ọmọ kan náà ló dà wá pọ̀. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, níbi ìpolongo ìbò wa, ẹ wá jókòó tì mí lórí pèpéle. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan. Ẹ ṣáà jókòó."

"Nohemí wá ńkọ́?"

"Ọmọ mi mà ni. Ṣé mo ń bá a jà ni?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fa kọfí tí Otilia bù fún un mu.

Ká ní ó halẹ̀ mọ́ ọn ni, Otilia ì bá bú u dáadáa. Àmọ́ ta ló ń kọ ìjókòó fún compadre? Ó ní òun ti gbọ́.

Ó lọ jókòó lóòótọ́. Don Evaristo gbé ọwọ́ Otilia sókè, ẹni tí àwọn Larrave fà kalẹ̀ dúró lápá kejì, gbogbo ìlú sì ń wò wọ́n. Àwọn obìnrin oko wo ara wọn lójú.

Ọ̀kan nínú wọn ní: "Ìyá tó bí i ò tẹ̀lé e. Ṣé àwa ni ká wá fi orí wa wewu?"

Nígbà tí wọ́n dìbò, Nohemí fìdí rẹmi. Ó padà wálé lálẹ́ ọjọ́ náà. Otilia gbé ẹ̀wà síwájú rẹ̀, ọmọ náà ò fọwọ́ kàn án. Ìyá bá bú sẹ́kún. Ìbànújẹ́ náà wúwo ju ti ọjọ́ tó sin ọkọ rẹ̀ lọ.

"Nohemí, ìwọ ni mo dìbò fún. Mo fi Màríà Mímọ́ búra, ìwọ ni!"

"Mo mọ̀, Màmá." Nohemí fi ọwọ́ nu ojú ìyá rẹ̀. "Àmọ́ ìkọ̀kọ̀ lẹ ti dìbò fún mi. Gbangba lẹ ti jókòó tì í."