Kámẹ́rà Kékeré Tó Gbọ́ Ohun Tí Etí Mi Ò Gbọ́

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ ti ń bi mí bóyá kámẹ́rà fídíò kékeré tí mo rà dára. Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tójú mi rí níbi ayẹyẹ ìparí sáà ilé-ìwé ọmọ mi ní Kétu dá yín lóhùn.

Ó dára. Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ń fa ohun tó jìnnà wá sí tòsí, ó sì ń gbọ́ ohùn ju fóònù mi lọ. Àmọ́ bátìrì rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́ta lọ. Tí oòrùn bá sì mú, àfi kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ síkíríìnì rẹ̀ gidi.

Òfin kan wà nílé wa. Mo ti sọ fún Morẹ́nikẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà, pé ẹni tó bá fẹ́ mú un lọ tí kò mọ oríkì rẹ̀, kó má tẹ̀ lé e. Àwa nìkan la mọ̀ pé Àṣàkẹ́ ni oríkì rẹ̀. (Mo ti pààrọ̀ orúkọ méjèèjì o.) Mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ náà, ó ń jó pẹ̀lú kíláàsì rẹ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Kí ni mo ṣe? Mo ń pariwo, "Àṣàkẹ́, wo Mummy!" Ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ.

Ìyá kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Mummy Morẹ́nikẹ́, ẹ jẹ́ kọ́mọ jó jàre. Ṣé tẹlifíṣọ̀n lẹ ti wá ni?"

Bátìrì kú. Mo tẹrí ba láti pààrọ̀ rẹ̀, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Nígbà tí mo gbójú sókè, ijó ti parí, ọmọ mi ò sí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹnu géètì ni mo bá a. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo bi í pé ibo ló ń mú ọmọ mi lọ. Ó fi í sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ẹ má bínú, Aunty. Ó jọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó bọ́ sáàárín èrò, ó lọ.

Mo bi ọmọ mi pé kí ló dé tó tẹ̀ lé e. Ó wò mí bíi pé èmi ni mi ò mọ òfin. "Mummy, ó pè mí ní Àṣàkẹ́."

Nígbà tá a délé, mo so kámẹ́rà mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Mi ò rí obìnrin náà nínú fídíò rárá. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlógójì, lẹ́yìn ariwo tèmi, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọ sórí: "Àṣàkẹ́. Àṣàkẹ́."

Ẹ̀yìn mi gan-an ló dúró sí.

Kámẹ́rà náà dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àléébù rẹ̀ tó burú jù ni pé ẹni tó ń fi í wo ọmọ kì í rí ẹni tó ń wo ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ àṣírí tuntun la ń lò báyìí dípò oríkì, a kì í sì í sọ ọ́ níta. Tí mo bá sì pe ọmọ mi ní oríkì rẹ̀, á kọ́kọ́ wo ojú mi dáadáa kó tó dáhùn.

Ẹ̀yin ńkọ́? Irú àdéhùn wo lẹ bá ọmọ yín ṣe, ta ló sì ti gbọ́ ọ? Ẹ sọ ìrírí yín fún mi. Ẹ ṣáà má kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an síbí.