Ta Ló Bẹ́ Sódò Nínú Ìwé Kẹsàn-án?

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lórí atẹ. Èmi ń wá awò ojú mi. Kò gbójú sókè tó fi ní, "Bàbá Rẹ̀mí, ṣé lẹ́tà yẹn ò wá ní dé mọ́ ni?"

Mo ní, "Jẹ́ kí àwọn onílẹ́tà sinmi jàre." Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lọ.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a wà ní kíláàsì kẹfà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Igbó-Ọrà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ tíṣà ní Èrúwà máa ń mú ìwé àwòrán kan wá fún mi lóṣooṣù. Ẹlẹ́sẹ̀-Ẹ̀fúùfù ni akọni inú rẹ̀ ń jẹ́. Ó ń fo ọ̀pẹ, ó sì ń fẹsẹ̀ sáré bá ọkọ̀ olè. Ìdí igi àgbálùmọ̀ ilé-ìwé la ti ń kà á, oje èso a sì máa lẹ ojú ìwé pọ̀.

Nínú ìwé kẹrin, akọni wa dúró létí odò, omi lójú, nítorí pé kò lè lúwẹ̀ẹ́. Olè sì sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí ìwé kẹsàn-án dé, òun kan náà ló bẹ́ sínú alagbalúgbú omi, tó gbé ọmọ kan jáde. Kò sí àlàyé kankan.

Múráínà, ọ̀rẹ́ mi, ní, "Ó ti lọ kọ́ ọ ni."

Mo bi í pé, "Ta ló kọ́ ọ? Ìyá ẹ?"

Kẹ́hìndé, tí mo padà wá fẹ́, dá wa lẹ́kun. "Ìbejì ni wọ́n. Èyí tí ò lè lúwẹ̀ẹ́ ti kú. Èkejì ẹ̀ ló ń báṣẹ́ lọ."

Mo ní, "Irọ́! Ayàwòrán ló gbàgbé."

"Ṣé èèyàn lè gbàgbé ọmọ tó bí ni? Olódo!"

Ní ìlú tiwa tí ìbejì kún fọ́fọ́, ta ni kò ní rò ó bẹ́ẹ̀? A jà á fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níkẹyìn a kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣe ìwé náà, a fi orúkọ mi sí i nítorí pé èmi ni mo mọ̀wé kọ jù.

Ó pẹ́ kí èsì tó dé. Ìlà méjì péré ni: aṣìṣe ayàwòrán ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Mo sáré lọ sílé Kẹ́hìndé láti lọ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibà ló pa Táyé, èkejì rẹ̀, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọ ọdún márùn-ún. Ìyá wọn kò yé ra nǹkan ní méjì méjì. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ó ti bu ẹ̀wà sí abọ́ méjì, ọ̀kan níwájú Kẹ́hìndé, ọ̀kan níwájú ère Táyé. Kẹ́hìndé ń ka ìwé kẹsàn-án sókè. Bó bá ti ka àwòrán kan tán, á kọjú ìwé sí ère náà kó lè rí i.

Mo ki lẹ́tà bọ àpò ṣòkòtò mi. Bàbá mi máa ń sọ pé, "Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ."

Ìṣẹ́jú kan ni ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn fi pinnu. Èmi àgbà ní ohun tó lé ní ogójì ọdún láti fi sọ ọ́ fún un, n kò sì mọ̀ títí di òní bóyá àánú ló pa mí lẹ́nu mọ́ tàbí ojo. Ṣé ó mọ̀? Òun ló ń to àpótí mi tí mo fi lẹ́tà náà pamọ́ sí. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi ń béèrè.

Nígbà tí àwọn àlejò ìsìnkú tán nílé, mo bá atẹ náà níbi tí wọ́n gbé e sí, ẹ̀wà orí rẹ̀ ṣẹ́ku ìdajì tí kò tíì ṣà. Ọdọọdún ló máa ń se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ àdúgbò nítorí Táyé. N kò se é rí. Mo wọ awò ojú mi, mo ṣà á tán, mo gbé e kaná. Iyọ̀ pọ̀ díẹ̀. Mo bu abọ́ méjì sọ́tọ̀ kí n tó pe àwọn ọmọ.